Ohun Tó Ń Wu Ọpọlọ Lè Má Dùn Mọ́ Ọn

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, lórí àwọn ọ̀dọ́ tí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti di bárakú fún, ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. Òǹkọ̀wé náà ṣe iṣẹ́ tó dára: ó dé àwọn ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́, ó fọ̀rọ̀ wá àwọn òbí lẹ́nu wò, kò sì fi epo àti iyọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí àwọn ọmọ náà kò fi lè jáwọ́, ó ní èròjà kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní dópámìnì, pé èròjà adùn ni, pé gbogbo ìgbà tí ọmọ bá ti ta tẹ́tẹ́ ni èròjà yìí máa ń tú jáde, àti pé adùn rẹ̀ gan-an ni wọn kò lè fi sílẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí ìmọ̀ràn pé kí àwọn òbí bá ọmọ wọn wá ìgbádùn mìíràn tó mọ́ dípò èyí tí kò mọ́.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní bayọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti gbọ́ ohun tí òǹkọ̀wé yín kọ yìí láìmọye ìgbà, lórí rédíò, nínú ìwàásù, àti lẹ́nu àwọn dókítà pàápàá. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn tí ń ṣèwádìí ọpọlọ ti rí i pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Kent Berridge ti Yunifásítì Michigan, ní ìlú Ann Arbor lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló mú un ṣe kedere jù lọ, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí láyè láti ṣàlàyé, nítorí pé bí a bá ṣi àrùn mọ̀, oògùn tí a lò sí i kò ní jẹ́.

Èrò tí òǹkọ̀wé yín gbé kalẹ̀ ti pẹ́ lẹ́nu aráyé. Ní 1954, James Olds àti Peter Milner, tí wọ́n wà ní Yunifásítì McGill ní ìlú Montreal, tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn eku tí wọ́n ki wáyà tín-ín-rín bọ inú ọpọlọ wọn. Wọ́n ṣètò rẹ̀ tó fi jẹ́ pé bí eku bá tẹ ọ̀pá kékeré kan nínú àpótí rẹ̀, iná mànàmáná díẹ̀ á gba inú wáyà náà wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Wáyà ti eku àkọ́kọ́ kò bọ́ sí ibi tí wọ́n ní lọ́kàn láti ki í sí, àṣìṣe yẹn ló sì sọ wọ́n di olókìkí. Àwọn eku kan tẹ ọ̀pá náà ju 1,000 ìgbà lọ láàárín wákàtí kan. Kí ni ẹnikẹ́ni ì bá rò ju pé adùn ibẹ̀ kọjá sísọ? Ibùdó adùn ni wọ́n sì ń pe agbègbè náà. Nígbà tí àwọn mìíràn wá rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń lo dópámìnì wà lára àwọn tí iná yẹn ń ru sókè, wọ́n gbé oyè adùn lé dópámìnì lórí, oyè náà kò sì tíì kúrò lórí rẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn títí di òní.

Arvid Carlsson, ọmọ ilẹ̀ Síwídìn, ló fi hàn ní ìparí ọdún 1950 sí 1959 pé èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn ni dópámìnì. Ó fún àwọn ehoro ní oògùn reserpine, oògùn náà sì gbọ́n dópámìnì inú ọpọlọ wọn dànù; wọ́n wà lójú kan, etí wọn rọ jọ̀wọ̀lọ̀, wọn kò lè mira. Nígbà tó gún wọn ní abẹ́rẹ́ L-DOPA, tí ara máa ń sọ di dópámìnì, wọ́n dìde, wọ́n ń rìn kiri. Ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀: inú ewéko ilẹ̀ Íńdíà kan tó jẹ́ ẹbí asofẹ́yẹjẹ ni wọ́n ti fa reserpine yọ ní 1952, èròjà yìí kan náà sì wà nínú asofẹ́yẹjẹ tiwa, tí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá ń lò fún àwọn tí orí wọn dàrú. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1960. Mo mú àwọn ehoro náà wá nítorí pé ohun tó ṣe wọ́n ì bá ti ta àwọn olùwádìí lólobó: ohun tó hàn gbangba pé ó kúrò lára wọn ni agbára láti dìde lọ sídìí ohunkóhun, ẹnikẹ́ni kò sì wádìí bóyá nǹkan ṣì ń dùn mọ́ wọn.

Ibi tí gbogbo ènìyàn dúró sí ni Berridge náà ti bẹ̀rẹ̀. Roy Wise, tó wà ní Yunifásítì Concordia ní Montreal, ni aṣáájú àwọn tó gbà pé dópámìnì ni adùn, Berridge pàápàá sì gbà á gbọ́ nígbà tí àwọn méjèèjì jọ pinnu láti dán an wò. Ohun tí Berridge mọ̀ ọ́n ṣe ni kíka ojú eku. Bí ẹ bá kán omi ṣúgà sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu, á máa lá ètè, ojú rẹ̀ á tújú ká. Bí ẹ bá kán ohun kíkorò sí i, á la ẹnu sílẹ̀, á fajú ro, á mi orí. Eku náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ṣúgà bá dùn mọ́ a máa yọ ahọ́n lemọ́lemọ́, a sì máa lá ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó bá tọ́ kuníìnì wò á yanu gbàgà, á gbọn orí, á máa fi ọwọ́ nu ẹnu. Àwọn olùwádìí a máa ya gbogbo rẹ̀ sínú fídíò, wọ́n a sì máa wò ó díẹ̀díẹ̀ láti ka iye ìgbà tí ahọ́n jáde. Eku kò lè sọ pé nǹkan dùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n fi pamọ́.

Wọ́n fún àwọn eku ní oògùn tí ń dí dópámìnì lọ́wọ́, wọ́n sì ń retí pé lílá ètè yóò dín kù. Kò dín kù. Ní 1989, Berridge àti Terry Robinson, tí wọ́n jọ wà ní Michigan, pẹ̀lú akẹgbẹ́ wọn kan, tẹ ìròyìn tó tún le ju ìyẹn lọ jáde. Wọ́n fi májèlé kan pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè dópámìnì títí dópámìnì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá nínú ọpọlọ àwọn eku kan. Àwọn eku yìí kò jẹun mọ́, wọn kò sì mumi. Oúnjẹ wà níwájú wọn, wọn kò sún mọ́ ọn, ebi ì bá sì pa wọ́n kú bí kò bá ṣe pé àwọn olùwádìí ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ oúnjẹ sí wọn nínú. Síbẹ̀, bí wọ́n bá kán omi ṣúgà sí wọn lẹ́nu, wọ́n á lá ètè bí eku tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣe ń lá a. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ṣúgà ṣì ń dùn mọ́ wọn. Kò kàn wù wọ́n mọ́ ni, débi tí wọn ì bá fi gbẹ́sẹ̀ kan lọ bá a.

Ní 2003, àwọn ará Michigan yìí tún gbé e gba ọ̀nà kejì. Wọ́n lo àwọn eku kéékèèké tí wọ́n ti yí àbùdá wọn padà, tó fi jẹ́ pé dópámìnì tó wà láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ wọn tó 170% ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àwọn eku yìí yára lọ sídìí ohun dídùn ju àwọn ìyókù lọ, wọn kì í dúró lọ́nà, wọn kì í sì í wo ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka ojú wọn, ṣúgà kò dùn mọ́ wọn ju bó ṣe dùn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti 2013. Wọ́n ń yọ ọ̀pá kan síta fún àwọn eku, bí ọ̀pá náà bá sì ti yọ, omi tó níyọ̀ bíi ti Òkun Òkú á tú sí wọn lẹ́nu. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sá fún ọ̀pá náà bó bá ti ń jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó mú kí ara wọn máa béèrè iyọ̀ lójijì, irú ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí láti ọjọ́ tí a ti bí wọn. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọ̀pá náà tún yọ, kí iyọ̀ tó kan ẹnu ẹnikẹ́ni nínú wọn, wọ́n sáré lọ bá a, wọ́n ń họ ọ́, wọ́n ń bù ú jẹ. Wọn kò ní ìrántí adùn kankan tí wọn ì bá máa lépa, nítorí pé ìnira nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọ̀pá náà. Ó kàn wù wọ́n ni.

Adùn fúnra rẹ̀ ní ibùgbé tirẹ̀. Berridge àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí àwọn ojúkò kéékèèké nínú ọpọlọ eku, tí wọn kò ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ, níbi tí àwọn èròjà tó jọ òpíọ̀mù, tí ara ń pèsè fúnra rẹ̀, ti ń mú kí ohun dídùn túbọ̀ dùn. Àwọn ojúkò yìí kéré, wọ́n sì ṣe ẹlẹgẹ́. Ètò dópámìnì, tó ń mú kí nǹkan wuni, ní tirẹ̀ tóbi, ó lágbára, kì í sì í tètè rẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni kò ti yà mí lẹ́nu mọ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tí à ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wa lé kì í dùn tó bí a ṣe lé e.

Ní 1993, Robinson àti Berridge sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí já sí fún ẹni tí oògùn olóró ti di bárakú fún. Wọ́n ní bí ènìyàn bá ń lò ó léraléra, ètò dópámìnì á di ohun tí ń tètè gbaná, tí ohun náà á fi máa wù ú sí i bí adùn rẹ̀ tilẹ̀ ń dín kù. Gbogbo ohun tó bá sì ń rán an létí ló ń ru ìfẹ́ náà sókè: òórùn kan, igun àdúgbò kan, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń lò ó, owó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sápò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó ti jáwọ́, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti bọ́ fi lè padà ṣubú lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò rò ó.

Ti tẹ́tẹ́ gan-an, iṣẹ́ Wolfram Schultz, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tó wà ní Fribourg ní Switzerland kó tó lọ sí Cambridge, ló tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ó fetí sí sẹ́ẹ̀lì dópámìnì lọ́kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ọ̀bọ. Bí omi èso bá dé láìròtẹ́lẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà á ké, ìyẹn ni pé á máa ránṣẹ́ kíkankíkan. Bí ọ̀bọ bá ti mọ̀ pé omi èso ń tẹ̀ lé iná tó tàn, iná ni sẹ́ẹ̀lì ń ké sí, kò ní ka omi èso sí mọ́. Bí omi èso tó ń retí kò bá sì dé, á dákẹ́ lákòókò náà gan-an. Ní 2003, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé láàárín ìgbà tí àmì bá yọ àti ìgbà tí èsì máa dé, igbe àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń ga díẹ̀díẹ̀, ó sì ga jù lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wà ní ọgbọọgba láàárín bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dá ilé tẹ́tẹ́ sílẹ̀ kò lè rí ibi tó dára ju ibẹ̀ lọ. Ní 2009, Luke Clark àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge náà wo ọpọlọ àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ orí ẹ̀rọ: bí ó bá ku díẹ̀ báyìí kí wọ́n jẹ, inú wọn kì í dùn sí i rárá, ó tilẹ̀ ń bí wọn nínú ju kí wọ́n pàdánù lásán lọ; síbẹ̀ ó ń mú kó túbọ̀ wù wọ́n láti tún ta, pàápàá nígbà tó bá jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ni wọ́n yan àmì tí wọ́n fi ta á.

Ọmọkùnrin kan ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní òdìkejì ilé wa. Ó máa ń kó eré bọ́ọ̀lù mẹ́jọ jọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, méje ti wọlé, ó ku ẹyọ kan, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù rẹ̀ wálẹ̀ kí èsì lè tún jáde, bẹ́ẹ̀ kò sì tíì pé ìṣẹ́jú kan tó ṣe é kẹ́yìn. Iwájú orí rẹ̀ ń làágùn. N kò rí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀. Nígbà tí eré náà parí sí ọ̀mì, ó ní, “Ẹ ò rí i, Bàbá Tíṣà, ẹyọ kan péré ló gé e,” kí n sì tó dá a lóhùn, ó ti ń wo àwọn eré ọjọ́ kejì. Ó ti jẹ rí, owó náà kò sì sùn mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo bi í pé báwo ni jíjẹ yẹn ṣe rí lára rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ mi mọ́, sà, àmọ́ tí mi ò bá ta á, ara mi kì í balẹ̀.” Ọmọ yìí kò gbọ́ orúkọ Berridge rí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ti eku ni eku, kí ó wo àwọn tó ní àrùn Parkinson, àrùn tí ń mú ọwọ́ gbọ̀n tí ń sì mú ara gan. Àrùn náà a máa pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè dópámìnì, àwọn oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, bíi pramipexole àti ropinirole, a sì máa ṣe bíi dópámìnì nínú ọpọlọ. Àwọn dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí àgbàlagbà tí kò ta tẹ́tẹ́ rí láyé rẹ̀, tó wá ń kó owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ sídìí rẹ̀ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2010, tí wọ́n ṣe láàárín aláìsàn 3,090 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, fi hàn pé 17.1% nínú àwọn tó ń lo irú oògùn yìí ni kò lè kó ara wọn níjàánu nídìí tẹ́tẹ́, ọjà rírà, oúnjẹ tàbí ìbálòpọ̀, 6.9% ni ti àwọn tí kò lò ó. Ẹ̀yin tí òbí yín ń lo irú oògùn bẹ́ẹ̀, ẹ fojú sílẹ̀, ẹ tètè sọ ohun tí ẹ bá rí fún dókítà, ẹ má sì dá oògùn náà dúró fúnra yín, nítorí ewu wà níbẹ̀.

N kò sọ pé àríyànjiyàn ti parí. Àwọn onímọ̀ kan ń tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ tí ọpọlọ ń kọ́ láàárín ohun tó retí àti ohun tó rí, Berridge ń tẹnu mọ́ ohun tó ń wuni, wọ́n sì ṣì ń fà á. Ṣùgbọ́n nínú àwọn ìhà méjèèjì, kò sí èyí tó ń pe dópámìnì ní èròjà adùn mọ́. N kò sì sọ pé kí ọmọ tó bá ta ẹ̀rọ ìránṣọ ọ̀gá rẹ̀ torí tẹ́tẹ́ wá fi ọpọlọ ṣe àwáwí.

Ìmọ̀ràn tó wà nínú àròkọ yín ni mo ń bá òǹkọ̀wé yín fà. Bí ó bá jẹ́ adùn ni ìṣòro, a ó bá ọmọ wá adùn mìíràn, ọ̀rọ̀ á sì tán. Bàbá á wá máa bi ọmọ pé, “Kí lo rí jẹ níbẹ̀? Kí ló dùn níbẹ̀?” Ọmọ kò ní lè dáhùn, nítorí pé kò dùn lóòótọ́. Bàbá á gbà pé agídí ni, ìyá á gbà pé ayé ló ń ṣe é, wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi àdúrà na ẹ̀mí tẹ́tẹ́ jáde lára rẹ̀. Ohun tó yẹ ká wò ni àwọn nǹkan tó ń ru ìfẹ́ náà sókè. Kí ó yọ áàpù tẹ́tẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀. Kí ẹni tó fọkàn tán bá a tọ́jú owó iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé títí di ọjọ́ Ajé. Kí ó gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé bí ìsọ̀ tẹ́tẹ́ bá wà lójú ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Àwọn nǹkan yìí kò gba owó, wọn kò sì gba èébú.

Ẹ má bínú sí mi, Olóòtú, ó kan ẹ̀yin náà. Nísàlẹ̀ ojú ewé tí àròkọ yìí parí sí ni ìpolówó tẹ́tẹ́ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú iye owó tí ẹni tó bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ máa gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Fún ọmọ tó ń gbìyànjú láti jáwọ́, iná ọ̀bọ Schultz nìyẹn. Mo mọ̀ pé owó ìpolówó ló ń sanwó ìtẹ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì bọ́ọ̀lù, ẹ sì lè kọ̀ láti tẹ ọ̀rọ̀ owó ọ̀fẹ́.

Mo tún fẹ́ kí akọ̀ròyìn yín tọ àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti dájọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024 pé àwọn ìpínlẹ̀ ló ní àṣẹ láti ṣòfin lórí tẹ́tẹ́ àti lọ́tìrì, pé kì í ṣe ti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀. Kí ó bi àwọn aṣòfin ní Ìbàdàn, Òṣogbo, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́, Adó-Èkìtì àti Ìkẹjà ní ohun tí òfin wọn sọ nípa ìpolówó tẹ́tẹ́, nípa àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù ní òru, àti nípa bí ìsọ̀ tẹ́tẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí ilé ẹ̀kọ́, kí ẹ sì tẹ èsì wọn jáde ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ tún ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa dópámìnì kọ, mo wà nílé, mo ṣe tán láti bá a jókòó lé e lórí.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ bayọ́lọ́jì tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.